Lẹ́tà Ọsibítù Ràsákì Tí Mo Gbé Pamọ́

Ẹ̀yin àgbà ìjọ wa, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ Àsàlátù, àti ìwọ Sìdíkàt tí o wà ní Ìwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló fẹ́ jáde lónìí, n kò sì ní dá a dúró mọ́. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ fẹ́ wé láwàní fún mi, kí ẹ máa pè mí ní Ìyá Àdínì gbogbo mùsùlùmí Yorùbá ní Onitsha. Nígbà tí Lémọ́mù ń sọ ìdí tí ẹ fi yàn mí, ó ní, "Àlájà Súlìyát ni obìnrin tó mú àbúrò rẹ̀ kúrò nídìí ọtí, tó gbé e dé ọsibítù, tí kò fi í sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé fi í sílẹ̀." Gbogbo yín ṣe àmín. Mo tẹ orí ba, ẹ sì rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ rárá, ojú ló ń tì mí. Òótọ́ ni pé èmi ni mo mú Ràsákì dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo kọ́kọ́ dí i lọ́nà, èmi ni mo ń ra ọtí fún un, èmi ni mo sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀ṣẹ̀ mi níwájú gbogbo ọjà.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Mo lẹ́nu, mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa dárúkọ mi níbi tí èèyàn bá pé sí. Bàbá wa, Gbàdàmọ́sí, ló kó wa wá síbí láti Ìwó kí ogun abẹ́lé tó dé. Ogun lé wa padà sílé. Nígbà tó parí, bàbá ti kú, èmi àti Ràsákì nìkan la tún kọjá odò Ọya padà wá. Ọjà ńlá kò ní òrùlé nígbà náà. Abẹ́ páánù tí ìbọn ti lu jágajàga ni mo gbé máṣìn mi sí. Ojú wa ni wọ́n ṣe tún ọjà náà kọ́, ojú wa náà ni owó epo rọ̀bì ṣe dé, tí ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kí a rọ́nà kọjá, tí kálukú sì ń wá aṣọ tuntun. Èmi ń rán aṣọ, Ràsákì ń fi abẹ́rẹ́ ya ọnà sí àyà agbádá. Láti Onitsha títí dé Asaba, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dà bíi tirẹ̀. Bó bá jókòó sórí ẹní tó gbé agbádá lé itan, àwọn oníbàárà á dúró máa wò ó, wọ́n á gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà. Èmi á máa rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù, máa fi ọwọ́ tí kì í ṣe tèmi yangàn.

Àárín àwọn tó ń já sìmẹ́ńtì létí odò ló ti kọ́ ọtí. Kaikai ni wọ́n ń pè é níhìn-ín, ògógóró tiwa náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì yá, kò lè jí láàárọ̀ kó má mu ún. Á wá jẹ orógbó kí òórùn má bàa jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Àwa mùsùlùmí ni, ọ̀rọ̀ ọtí nínú ilé wa, ìtìjú ńlá ni. Ìtìjú yẹn ni mo ń tọ́jú, n kò tọ́jú ẹni tó ń mu ún.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1975, ọdún tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udọ́jì, Ràsákì fúnra rẹ̀ wá bá mi nílé mi ní Fegge láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìyàwó rẹ̀, Sìdíkàt, tẹ̀lé e, oyún ti ń hàn lára rẹ̀. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ jáwọ́ nínú nǹkan yìí, agbára mi ni kò ká a. Bí mi ò bá mu ún, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, òógùn á bò mí. Wọ́n ní àwọn dókítà kan wà tó ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ bá mi wá wọn rí, kí ọmọ yìí tó dé." Sìdíkàt náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti di ẹrù wọn sínú àpótí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti pè wọ́n ni wọ́n máa lọ. Mi ò bẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn máa sọ." Ọmọbìnrin yìí ò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún. Ó gbọ́n jù mí lọ.

Mo lọ, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Ìyàwó Dókítà Ifejika tó ń gbé ní GRA jẹ́ oníbàárà mi, èmi ni mò ń rán búláòsì rẹ̀. Mo mú Ràsákì lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Dókítà náà fi sùúrù bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò bú u. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọtí náà ti mọ́ ọn lára débi pé tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè fa gìrì, ó sì lè pa á. Ó ní òun á kọ̀wé sí ọsibítù kan ní Enugu níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, pé tí bẹ́ẹ̀dì bá ti ṣófo, òun á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ni ìtàn mi parí sí.

Ẹ rántí pé ọdún yẹn ni a tún mọ́ṣáláṣí wa tí ogun wó kọ́ tán, tí a fẹ́ ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá. Alájì Sànúsí, tó ń ta aṣọ ní ìdì-ìdì, ni alága. Ó gbé gìní funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n rán agbádá mẹ́sàn-án fún àgbà mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ọnà òwú àwọ̀ ewé láti ọrùn dé ìdodo. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àjọkẹ́, iṣẹ́ Ràsákì la fẹ́ o. Bí kì í bá ṣe òun ló máa ṣe é, a ó gbé e lọ sí Ìbàdàn." Mo fi ọwọ́ sọ àyà. Mo ti ń wo ara mi láàárín àwọn obìnrin lọ́jọ́ ìṣílé, tí wọ́n ń tọ́ka sí mi pé èmi ni mo fi aṣọ wọ gbogbo àgbà ìlú.

Ràsákì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí méjì nínú mẹ́sàn-án nígbà tí lẹ́tà dé. Ìyàwó dókítà ló mú un wá fúnra rẹ̀, ó fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó ń làágùn wọ inú ọjà, ó ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí. "Mama Bíọ́dún, God don do am o! Dem get bed. Monday, ten November, for morning. Dem no go hold am pass one week." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Nne, God go bless you." Ràsákì ti lọ ra òwú. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo ka lẹ́tà náà. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo gbọ́ òyìnbó tó wà nínú rẹ̀ yékéyéké. Mo gbójú sókè, mo rí agbádá méje tí wọ́n kò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn. Mo ṣí àpótí kékeré ara máṣìn, mo ki lẹ́tà bọ abẹ́ àwọn bọ́bìnì, mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Mo sọ fún ara mi pé, lẹ́yìn Iléyá. Oṣù kan péré ni. Ẹni tó ti ń mu ọtí fún ọdún mẹ́rin, kí ni oṣù kan máa ṣe fún un? Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn, ó sì rọrùn ju bí mo ti rò lọ.

Ràsákì wọlé dé, ó gbé òwú kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lẹ́tà ò tíì dé?" Mo ní kò tíì dé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ tí kò bi mí. Sìdíkàt náà, tó bá gbé oúnjẹ wá lọ́sàn-án, á bi mí. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n máa ń pẹ́. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá pé, ọjọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo dè é ní Enugu, òun jókòó sórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń ya ọnà sí àyà agbádá kẹta. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tí Ràsákì lọ kírun, ìyàwó dókítà tún wá béèrè ìdí tí a kò fi lọ. Mo fajú ro. Mo ní, "Madam, the boy don run. E say e no go again." Ó káàánú mi. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń fi Ígbò kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ndo, nne, ndo," ó sì lọ. Mo gba ìbákẹ́dùn lórí irọ́ tí mo pa mọ́ ọmọ bàbá mi.

Nígbà tí Ràsákì retí lẹ́tà tí kò rí i, ó ní òun á dá a dúró fúnra òun. Ó lo ọjọ́ méjì, ó wọ ọjọ́ kẹta, kò fẹnu kàn án. Òógùn ń bò ó bí ẹni tó jáde nínú odò, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé abẹ́rẹ́ gún un níka, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára gìní funfun. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. N kò wo ìka rẹ̀. Aṣọ ni mo já gbà, omi iyọ̀ ni mo sáré wá kí n fi fọ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé kẹ́tùlù àlùwàlá ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi ìborùn borí, mo sì gba etí odò lọ. Bí mo bá gbé ìgò, gbogbo ọjà á rí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi obìnrin mùsùlùmí tó gbé kẹ́tùlù dání pé kí ló wà nínú rẹ̀? Ìyá kan tó ń ta kaikai lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ ojú omi rọ ọ́ kún fún mi, kò tilẹ̀ wo ojú mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo rọ díẹ̀ sínú ife tí mo gbé e fún Ràsákì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kẹta mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí dókítà wí ni? Ó ní tí o bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pa ọ́. Kà á sí oògùn. Díẹ̀ péré, kí ọwọ́ lè dúró, títí lẹ́tà yóò fi dé." Ọ̀rọ̀ tí dókítà fi fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni mo fi mú un. Ó gba ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó mu ún, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Kò pẹ́, ọwọ́ náà dúró. Ó fa abẹ́rẹ́. Inú mi dùn. Mo tún un sọ, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí ẹ fẹ́ wé láwàní fún: inú mi dùn. Láti ìgbà náà, mò ń wọn ọ́n fún un láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ife kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, kò sì lọ sí etí odò mọ́. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ti ń jáwọ́. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tó burú jù lọ ni ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ọjọ́bọ̀ ni. Alájì Sànúsí wá wọ agbádá tirẹ̀ wò. Sìdíkàt ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé. Èmi ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a gbọ́ ìpè ìrun Alásárì. Ẹ mọ ìṣe wa. Mùsùlùmí kì í tọrọ kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́ mùsùlùmí, èyí tó bá sún mọ́ ọn ni yóò gbé. Ohun tí mo gbàgbé nìyẹn, èmi tí mo rò pé mo gbọ́n. Alájì ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa gígùn apá agbádá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ràsákì. Mo rí i. Kí ni mo fẹ́ wí? Ó rọ ọ́ sọ́wọ́, ó sì bù ú sẹ́nu kó fi yọ ẹnu.

Ó tu ú jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọtí! Ọtí nínú kẹ́tùlù àlùwàlá! Ta ló dán èyí wò?" Àwọn aláṣọ òdìkejì sáré dé, àti Yorùbá àti Ígbò. Wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀, "Gịnị mere?" N kò sọ pé Ràsákì ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kàn yí ojú sí i, mo wò ó, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Gbogbo ojú tẹ̀lé ojú mi. Sìdíkàt gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn." Ràsákì wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wá ní, "Èmi ni." Èmi Súlìyát ká ọwọ́ lérí, mo bú sẹ́kún, mo ní, "Ràsákì, ṣé bí o ṣe fẹ́ ba orúkọ Gbàdàmọ́sí jẹ́ nìyí? Nínú kẹ́tùlù tí mo fi ń kírun?" Omijé gidi ló ń bọ́ lójú mi. Àwọn obìnrin dì mí mú, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ẹlòmíì nínú yín wà níbẹ̀, ẹ rí i.

Sìdíkàt kò pariwo. Ó ní, "Mo fara da ọtí. Mo fara da dídúró de lẹ́tà tí kò dé. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń jọ́sìn fún Ọlọ́run, wọ́n fi ṣe ìgò." Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló wọkọ̀ lọ sí Ìwó pẹ̀lú oyún oṣù keje. Ó fi àpótí ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ó ti dì í.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé Ràsákì parí agbádá tó kù. Èmi ni mo ń gbé ife fún un, kò kọ̀ ọ́ mọ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Iléyá, àgbà mẹ́sàn-án tò wọ mọ́ṣáláṣí tuntun, aṣọ ń dán, gbogbo èèyàn ń kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n ti lé Ràsákì kúrò nínú ìjọ ní gbangba, wọ́n ní kó má wá sí yídì. Nígbà tí a pa àgbò tán, mo bu ẹran lọ fún un ní yàrá rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ti rù, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Ó wo ẹran náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lẹ́tà ò tíì dé?" Ní ọjọ́ kejì, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Dókítà Ifejika bí ọkùnrin. Mo ní ọmọ náà ti padà, pé ó ti gbà láti lọ. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀dì mìíràn ṣófo, mo sì gbé e lọ sí Enugu. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ níbẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, kò fẹnu kan ọtí. Èyí ni ẹ mọ̀, èyí ni ẹ fi ń yìn mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní ọsibítù ni Sìdíkàt bímọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló sọ ọmọ náà ní Àmínátù. Wọ́n béèrè ìkọ̀sílẹ̀, Ràsákì sì gbà nítorí ìtìjú. Sìdíkàt ti fẹ́ ẹlòmíràn. Àbúrò mi kó lọ sí Ìwó, ó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọnà lẹ́bàá ilé kéú, kó lè máa rí ọmọ rẹ̀ bó bá ń kọjá. Ọmọ náà á kí i bó ti ń kí gbogbo àgbàlagbà tó bá pàdé lọ́nà. Ọkùnrin mìíràn ló ń pè ní bàbá.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Ràsákì dé sí ilé mi fún ayẹyẹ yín. Láwàní tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọnà sí ló gbé wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá bẹ́ẹ̀dì fún mi. Ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù yẹn, mo ti dárí ẹ̀ jì yín tipẹ́. Àánú ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n ló mú yín ṣe é." Àánú! N kò lè gbà á mọ́. Mo wọ yàrá, mo mú lẹ́tà náà jáde, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo sì sọ ohun gbogbo. Kò mọ òyìnbó kà dáadáa, ó ní kí n ka ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà náà fún òun. Mo ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá. Ó ní, "Sìdíkàt ṣì wà nílé mi lọ́jọ́ yẹn." Mo dojúbolẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ì bá bú mi. Ì bá gbá mi létí. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti wí pé òun ò tíì mọ̀ bóyá òun lè dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n má yọ kẹ́tùlù kúrò níbẹ̀, kí n sì fi ránṣẹ́ sí Sìdíkàt. Ó ní kì í ṣe torí kó padà wá o, kó kàn lè mọ̀. Ó sì gba gáréèjì lọ.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá obìnrin mìíràn. N kò yẹ. Alájì Sànúsí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ pe Ràsákì padà sí ìjọ ní gbangba bí ẹ ti lé e ní gbangba. Ìwọ Sìdíkàt, n kò mọ ẹnu tí n óò fi bẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ka ìwé yìí fún, bí ẹnìkan nínú ilé yín bá fẹnu ara rẹ̀ wí pé òun fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹ dìde lọ́jọ́ náà. Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fi ọdún sílẹ̀, ẹ má wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe fún yín. Àti ìwọ Àmínátù, ọmọ àbúrò mi, tí ìwọ kò tíì mọ̀wé kà. Nígbà tí o bá dàgbà, kí o mọ̀ pé bàbá rẹ bẹ̀bẹ̀ láti lọ gba ìwòsàn kí wọ́n tó bí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ.